Ọ̀bọ̀kún Ojú Gíláàsì

Àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì ìyá àgbà ni mo fín,
bíléèdì kan, ọjọ́ mẹ́ta gbáko,
kí ọ̀bọ̀kún tó yọ irùngbọ̀n.
Mo fi íǹkì dúdú kùn ún, mo dà á dé bébà,
Wòsílátù bá mi fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kiri.

Lónìí, ní ṣọ́ọ̀bù Múfútáù, lẹ́bàá èbúté Ẹ̀pẹ́,
ẹja mi dùbúlẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà.
Olùkọ́ ní: "Ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun báláú."
Àbàwọ́n epo, mo nù ún.
Ibi tí íǹkì kò dé, mo dí i.
Lẹ́bẹ́ tí bíléèdì yẹ̀ gé dànù,
mo fa ìlà kan, lẹ́bẹ́ hù padà.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo tún un wò.
Ó dà bí ẹja inú agolo.

Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń dá nǹkan padà,
ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, títí ó fi pé mẹ́tàdínlógún.
Lẹ́bẹ́ tún já. Epo tún yọ.
Ní igun bébà, àtàǹpàkò Wòsílátù tún fojú hàn,
Wòsílátù tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ẹ̀jìnrìn,
tí kò tíì pè mí.

Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́, bẹntiróò ń tán lọ.
Múfútáù ní, "Ṣé o ti tọ́jú rẹ̀?"
Mo ní ó ku díẹ̀.
Dúdú díẹ̀ ni mo fi kún un,
lójú ẹja,
kí ó lè rí wa.