Ọrùn Bọ́ọ̀sì Búrẹ́dì

Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ kú sí ọ̀nà Ìkìrun
lọ́jọ́ Ẹtì, tòun ti igba búrẹ́dì lẹ́yìn rẹ̀.
Ó kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tutọ́ epo, kò dáhùn mọ́.
Ìyá Múníráà, tó ni bọ́ọ̀sì, tó ni búrẹ́dì,
kò sunkún. Ó ní, "Ara rẹ̀ ṣì le.
Ọkàn ló jáde. Ẹ lọ bá mi wá òmíràn."

A gbé tòkunbọ̀ wálé láti Géètì n'Íbàdàn,
ẹ́ńjìnnì ọmọdé, fún bọ́ọ̀sì
tó ju èmi tí mò ń wà á lọ lọ́jọ́ orí.
Jímọ̀ fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ ọ́ sábẹ́ igi máńgòrò ní Òkè-Baálẹ̀,
ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀
bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ sórí ẹní.
Gíà gbà á. Wáyà gbà á.
Ẹnu èéfín nìkan ni kò bára mu:
ti ẹ́ńjìnnì ń wo òsì,
ti páìpù àtijọ́ ń wo ọ̀tún,
bí tọkọtaya tó jà sùn.

"Ìyẹn ò le," Jímọ̀ wí.
Ó gé páìpù gbọọrọ, ó jó o mọ́ ọn, ó le koko.
Ọjọ́ kẹrin, lójú irin rélùwéè,
ó là.
Adìẹ Alékùwodò sá wọ gọ́tà.
A tún un jó. Ó tún là, lójú kan náà.
A fi irin pẹlẹbẹ lẹ̀ ẹ́. Irin pẹlẹbẹ náà là.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èéfín fi bá mi jókòó níwájú,
tí búrẹ́dì ń rùn bíi gáréèjì,
tí Ìyá Múníráà ń yọ owó nínú owó ìyẹ̀fun.

Ni wọ́n bá darí wa sọ́dọ̀ Bàbá Lásún,
tó ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ irin
títí iná fi kú nínú ìléru.
Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti wo iná jù, ó ti fẹ̀yìntì;
òsì ṣì ń lọ síbi iṣẹ́.
Kò fọwọ́ kan irin. Ó ní kí n tan ọkọ̀,
kí n tẹ̀ ẹ́, kí n jọ̀wọ́ rẹ̀.
Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ń wò.
"Jímọ̀, orí rọ́bà ni ẹ́ńjìnnì jókòó. Ó ń jó.
Ara ọkọ̀ ni páìpù so mọ́. Kò lè jó.
O so oníjó mọ́ òpó,
o wá ń bi òpó pé kí ló fọ́ ọ."

Inú àpò sìmẹ́ǹtì ló ti yọ ọ́:
páìpù kúkúrú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan àbọ̀,
wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi hun awọ rẹ̀,
ó ń tẹ̀, kò jò.
Fẹ́lẹ́sì ni Jímọ̀ pè é.
Ọrùn ni Bàbá Lásún pè é.

"Má fà á kó tó kàn, o ti pa á nìyẹn.
Má lọ́ ọ. Ọrùn tí a lọ́, ti adìẹ ọdún ni.
Má sì jẹ́ kó ru sàlẹ́ńsà;
fi rọ́bà so páìpù lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀,
kí ẹlòmíì bá a gbé e."
Ó fi àyè ìka méjì sílẹ̀ láàrin rẹ̀ àti irin ìsàlẹ̀.
Etí méjèèjì ló jó,
iná kò kan ibi tí wọ́n hun.

Mo tan ọkọ̀.
Mo rò pé kò tan.

Ìdájí ọjọ́ kejì, mo dúró n'Ìta Olóòkan.
Kò sẹ́ni tó jáde. Kò síná lójú fèrèsé kankan.
Aago mẹ́jọ ni Ìyá Afúsá tó wá bá mi, ó bínú:
"Ariwo rẹ la fi ń jí láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Ta ló ní kó o dákẹ́?"

Mo ti ra agogo kékeré kan báyìí,
mo gbé e kọ́ síwájú ọkọ̀.
Jímọ̀ ní kí n fi bọ́ọ̀tù dè é kó le.
Rárá o.
Okùn ni mo fi so ó.