Kírẹ́díìtì

Èmi lọmọ Jíńádù atẹ̀wé ní Ṣómólú,
ojúlé tó kọjú sí gọ́tà, lẹ́yìn Ṣípéolú.
Òórùn tàdáwà àti kẹrosíìnì ni mo fi mọ ilé.
Ọ̀rọ̀ òyìnbó tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà
kì í ṣe ápù, kì í ṣe bọ́ọ̀lù.
Kírẹ́díìtì ni.
Ó pupa, ó sanra, ó jókòó sáàárín sítíkà yẹ́lò:
"Kò sí kírẹ́díìtì lónìí. Ẹ padà wá lọ́la."
Bàbá mi ń tẹ̀ ẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún,
ẹ̀rọ Kọ́dù ń ké gbàkà-gbàkà,
àwọn onísọ́ọ̀bù láti Mùṣín dé Kétu ń wá kó o.

Mo bi í pé kí ni kírẹ́díìtì.
Ó ní, "Àwìn ni. Kí èèyàn gbé ọjà rẹ lọ,
kó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu,
kó ní Ọlọ́run á ṣe é."
Mo wo ojú rẹ̀, mo wo ògiri.
Òun fúnra rẹ̀ ò lẹ ẹyọ kan mọ́ ibẹ̀.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà pààrọ̀ aṣọ.
Ó di káàdì pẹlẹbẹ tí à ń họ,
eruku fàdákà rẹ̀ a máa wọ abẹ́ èékánná mi.
"Sìdí, lọ ra kírẹ́díìtì igba náírà wá."
Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.
Wọ́n tún ń ra àwìn ni? Wọ́n ń fi owó ra gbèsè?
Ọmọkùnrin tó ń tà á lábẹ́ agboòrùn bú sẹ́rìn-ín:
"Owó lọ́wọ́ o! N kì í ta kírẹ́díìtì ní kírẹ́díìtì."

Ó tún kù.
Mo dé ìwé kẹfà àgbà, wọ́n ní márùn-ún ni yunifásítì ń bèèrè,
Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.
Lọ́dún àkọ́kọ́ mo rí mẹ́rin. Ìṣirò jẹ mí ní ẹyọ kan.
Lọ́dún kejì, ní káfé kan ní Fádéyì,
márùn-ún pé. Ìṣirò fi etí ìdí jókòó sétí àga,
ṣùgbọ́n ó jókòó.
Mo fa fóònù yọ kí n pe Jíńádù.
Obìnrin inú fóònù ní kírẹ́díìtì mi ò tó ìpè yìí.
Mo di márùn-ún mú lọ́wọ́,
n ò ní èyí tí n ó fi ròyìn rẹ̀.
Mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Bàtà mi kan já sọ́nà, n ò padà mú un.
Mo bá a nídìí ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ búlúù dé ìgbọ̀nwọ́.
Kò sọ̀rọ̀.
Ó pa ẹ̀rọ.
Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ bí ilé wa ṣe ń dákẹ́.

Ó kù ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ wọlé, bàbá mi kú.
Lábẹ́ pátákó tó fi ń gé bébà la ti rí ìwé kan,
ojú ewé mọ́kànlélógójì:
Pásítọ̀ Adégoróyè, ìwé ìpolówó ìsọjí, kò tíì san rárá.
Tísà Fẹ́hìntọlá, ìwé ìdánwò, táàmù méjì.
Ìyá onígáàsì, ìwé ìkéde òkú ọkọ rẹ̀;
ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé, "Ẹ má bèèrè èyí."
Tísà gbé tirẹ̀ wá nínú ọ̀rá, ojú rẹ̀ pọ́n.
Pásítọ̀ ti kó lọ sí Ìkòròdú.

Lánàá, fóònù mi dún lórí tábìlì.
Báńkì ló kọ̀wé: kírẹ́díìtì,
ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún.
Ẹni tó fi ránṣẹ́ kọ ọ́ sí i pé,
"Owó bébà Alágbà Jíńádù. Ó pẹ́, ẹ foríjì mí."
Mo gbé ìwé náà sílẹ̀ láti orí àpótí,
mo wá orúkọ rẹ̀ láti ewé kìíní dé ìgbẹ̀yìn.
Mo tún un wá.
Bàbá mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.