Omi Dé Hárání

Bẹsna san owó ọkọ̀
kí wọ́n tó tù ú kọjá lórí òrùlé ara rẹ̀.
"Rọra," ló wí fún atukọ̀,
"ibẹ̀ yẹn ni mo ti ń sá ata."
Atukọ̀ wolẹ̀. Omi ló rí.

Wọ́n ní iná yóò dé, iná dé.
Wọ́n ní Yúfírétì yóò dé Hárání:
ó gba inú ihò òkè wọlé
bí ìyàwó tí wọ́n ti san ìdáná rẹ̀ tipẹ́.
Mahsum ọmọ rẹ̀ bọ́ bàtà nínú poro,
ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.
Òwú là lọ́dún náà, ó funfun dé ẹsẹ̀ ọ̀run.

Lọ́dún kẹsàn-án, funfun mìíràn hù nílẹ̀.
Mahsum fi ìka tọ́ ọ wò:
iyọ̀.
Àmì ohùn ló wà láàárín dáàmù àti dààmú;
ọwọ́ mi ń ṣì í kọ.

Nílé tuntun, Bẹsna ṣí ẹ̀rọ omi,
ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fi sẹ́nu pẹ́ títí,
ó ń wá ọ̀pọ̀tọ́ bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀.
"Ṣé o gba ẹnu ọ̀nà wa?"
Omi ń dà.
Ó yára tì í. Owó ni omi báyìí.