Ọkọ́ Òru

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ro ilẹ̀ yìí lọ́dún tó kọjá,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún fi mí rẹ́rìn-ín.
Ìyálẹ̀ta ni mo máa ń gbé ọkọ́,
oòrùn Kuje á máa ta mí lẹ́yìn ọrùn bí ata;
kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé
ilẹ̀ á ti hu irun bí orí ọmọ tuntun.

Asabe aládùúgbò mi, ọmọ Gbàgyí,
tó ń gbé igi ìdáná lé èjìká, tí kì í rù ú lérí,
dúró létí ọgbà, ó wò mí títí.
Ó ní, "Ìyá Mofẹ́, ìwọ lò ń jí wọn."
Èmi kẹ̀? Èmi tí mò ń pa wọ́n?
Ó bu erùpẹ̀ nídìí àgbàdo,
ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan dé èkejì.
"Hóró èpò tó wà níbí lè dàgbà ju ọmọ rẹ lọ.
Wọ́n sùn ni. Òkùnkùn ni wọ́n fi bora.
Bí o bá fi ọkọ́ yí ilẹ̀ padà,
ojúmọ́ á yọjú wò wọ́n, ìṣẹ́jú àáyá kan péré.
O tún bò wọ́n, àmọ́ wọ́n ti rí i."

Mo rántí àwọn NEPA,
bí wọ́n ṣe ń mú iná wá láago méjì òru
tí wọ́n á tún gbà á kí a tó rí súwíìṣì pa,
tí gbogbo ilé á wá lajú kalẹ̀ títí dìdájí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé oko lóru tí òṣùpá kò sí.
Mofẹ́ yọ fóònù, ó fẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì.
"Pa á!" Asabe pariwo bí ẹni rí ejò.
A ń ro afọ́jú-ro. Mo fi ọkọ́ bu ara mi lọ́mọ ìka ẹsẹ̀.
Àyà mi ń sọ pé, obìnrin yìí, ṣé orí rẹ pé?

Àfi gbàà! Fijilanté kan lójú títì:
"Wane ne?"
Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó gba àárín ebè kọjá,
láti ìdí máńgòrò dé ọ̀dọ̀ mi,
ó bá mi níbi tí mo ti tẹ̀ kọdọrọ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀.
Asabe fi Hausa bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ilẹ̀ mọ́ níwọ̀nba.
Dáńdá hù ní tiẹ̀; òun kì í bèèrè ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Ṣùgbọ́n láti ìdí máńgòrò
dé ibi tí mo ti fara pa,
ìlà tẹ̀tẹ̀ kan hù, tóóró, ó tutù yọ̀yọ̀,
kò fẹ̀ ju ojú tọ́ọ̀ṣì lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀, mo nawọ́ láti fà á tu.
Oòrùn wà lókè gangan.
Mo ká ọwọ́ mi kò,
mo lọ jókòó síbi òjìji ilé,
mò ń retí alẹ́.