Kílò Mẹ́tàlélógún

Mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ Ìyá Múfú tó ń ta ẹja yìnyín
l'Ókè-Fíà.
Ó ní kí n dá a padà kílẹ̀ ó tó mọ́,
pé ẹja ò lè dúró de ẹni tó ń lọ Kánádà.
Mo gbé e wá sílé Bàbá ní Aláàrẹ.
Òórùn ẹja bá mi wọlé,
ó jókòó ti àpótí mi bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò pè.

Ọ̀túnla ni mò ń lọ.
Ìyá mi da ẹ̀gúsí sórí atẹ:
"Ẹ wá bá mi bó o.
Ta ni yóò bá a bó o nínú òtútù?"
A yí atẹ ká. Iná ti lọ,
fóònù Múkáílà la fi ń ríran.
Èèpo ń bọ́ sílẹ̀,
ọ̀rọ̀ náà ń bọ́.

Àǹtí Sìdí ti kúrò nílé ọkọ láti Iléyá.
"Iléyá wo?"
"Ti èṣí."
Èṣí!
Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá n'Ígbọ̀nà,
mo ń juwọ́ sí i láti orí ọ̀kadà,
òun náà ń juwọ́ padà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún Bàbá.
Ọjọ́ mẹ́rin ni Múkáílà fi dì í lọ́wọ́ mú lọ, dì í lọ́wọ́ mú bọ̀.
"A ò pè ọ́. A mọ̀ pé o wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́."
Èmi nọ́ọ̀sì.
Ojú ará ìta ni mò ń wẹ̀ lóru ọjọ́ náà.

Àríkẹ́ ọmọ Múkáílà yanu fún mi wò,
eyín iwájú méjì ti lọ.
"Mo ti jù wọ́n sórí òrùlé. Alángbá ò rí mi."
"Ìgbà wo ni wọ́n yọ?"
"Ó ti pẹ́," ó ní,
ó sì ń wò mí bí ẹni ń wo ará Èkó.
Igba náírà ni ọ̀kadà láti ilé mi dé bí.
Ìgbà tí wọ́n lẹ físà mọ́ ìwé ìrìnnà mi
ni mo tó rí igba náírà ná.

Bàbá ò bó ẹ̀gúsí.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wọn ẹrù ní ibùdó reluwé,
kò gba òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja gbọ́.
Ó fọwọ́ kan gbé àpótí sókè díẹ̀,
ó di ojú méjèèjì, èyí tó ti là àtèyí tí kò tíì là.
"Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."
A so ó kọ́ òṣùwọ̀n.
Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Kílò méjì gbọ́dọ̀ jáde.
Mo yọ bàtà onígìgísẹ̀.
Mo yọ ìwé iṣẹ́ mi tó ki bíi búrẹ́dì.
Mo yọ ìborùn onírun tí Ìyá mi rà ní Sábó,
ó dá a padà sínú àpótí, kò sọ̀rọ̀.
Mo nawọ́ sí ọ̀rá ẹ̀gúsí.
Ojú gbogbo wọn tẹ̀ lé ọwọ́ mi.
Mo ká ọwọ́ kò.

Bàbá ti gé páálí, ó ti ki okùn bọ̀ ọ́,
ó ń fi bírò kọ orúkọ mi gàdàgbà-gàdàgbà
bó ti ń kọ ọ́ sára àpò kòkó nígbà náà:
LÁTI: ÒṢOGBO.
SÍ:
Ó dúró.
"Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ Sasikátúùnù?"
Múkáílà rẹ́rìn-ín títí fóònù fi bọ́ sínú ẹ̀gúsí.
Bàbá ní òun á parí ẹ̀ lọ́la.

Aago méjì ti lù. Ẹ̀gúsí kù nílẹ̀,
mo sì ń mọ̀ọ́mọ̀ bó o ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Àríkẹ́ ti sùn sí ẹsẹ̀ mi, ó lanu sílẹ̀.
Mo yí iná síbẹ̀.
Nínú àlàfo yẹn, ọ̀kan ti ń yọrí,
kékeré, funfun,
bí ẹ̀gúsí tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ bó.