Okùn Kànga Ìyá Àyọ̀ká

Ọdún kẹta rèé tí wọ́n gbé ìgò wá sí Masífà,
ìgò wẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́ nínú kúlà aláwọ̀ aró.
Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n lóṣòó sétí kànga,
wọ́n fa omi, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn,
wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, mà, ìwádìí ni."
Ìwádìí gba ojú títì lọ.
A ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ìyá Àyọ̀ká, àbúrò bàbá mi, ò bínú.
Ó ní ẹni tó yá ìkòkò tí kò dá a padà,
yóò ṣì padà wá yá ọmọrí.
Bí oṣù bá ti lé, á ju garawa sísàlẹ̀;
bó bá balẹ̀ sómi,
ibi tí okùn ti kan ẹnu kànga,
á so òwú pupa mọ́ ọn.
Kò mọ̀wé. Òwú mọ̀wé fún un:
kí ilé-iṣẹ́ omi inú ọ̀rá tó dé àdúgbò, ìgbọ̀nwọ́ méjìlá;
ọ̀gbẹlẹ̀ èṣín, mọ́kànlélógún.

Kánsù wá pèpàdé lórí òfin kànga ẹ̀rọ,
kí ará ìlú wá gbọ́.
Gbọ́ ni wọ́n kọ síwèé, wọn ò kọ sọ.
Ọ̀gá kan tanná sára ògiri,
ìlà ń gòkè, ìlà ń sọ̀,
ó ní omi abẹ́ ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kò yingin.
Ìyá dìde, kò dúró de gbohùngbohùn:
"Ọmọ mi, kànga ta ni ìlà yẹn?"

Ó na okùn láti iwájú alága dé ẹnu ọ̀nà,
ó ṣì kù.

Dókítà Ọyèyínká, láti yunifásítì, bọ́ bàtà,
ó kúnlẹ̀ ti òun ti tépù,
ó ń wọn òwú lọ́kọ̀ọ̀kan.
"Màmá, mo wà lára àwọn tó gbé ìgò wá.
Èsì ń bẹ. Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ ọ́,
a fi ránṣẹ́ síbi tó jìnnà."
"Ṣé ibi tó jìnnà ló ń mu kànga mi ni?"

Ilé mẹ́tàdínlógún ló ń so òwú báyìí.
Òfin ò tíì jáde; wọ́n ló wà lórí tábìlì n'Íbàdàn.
Okùn náà wà lọ́hùn-ún, wọ́n ní ẹ̀rí ni.
Okùn àyálò la fi ń fami.
Ìyá sì ti so òwú pupa mọ́ ìyẹn náà.
Olókùn ń pariwo lójúde.
Ìyá ní kó má bínú,
ìwádìí ni.