Kọ́ìlì Ti Súsúkì

Ọjọ́ kẹta tí a ń wá kọ́ìlì ní Géètì,
Mùdá ní, "Irú ẹ̀ ò sí mọ́.
Ti Súsúkì nìyí, a ó fi tipá bá a ṣe."
Ihò bóòtù ò dọ́gba. Ó fi fáìlì fá a,
lẹ́búlẹ́bú irin ń dà sí mi lẹ́sẹ̀.

Họ́ńdà tí bàbá mi ń gùn lọ kọ́ni ní Mọ́níyà,
adìẹ ti yé sábẹ́ ìjókòó rẹ̀ ní Òkè-Àdó.
Sìlíńdà ọ̀tún ń sọ̀rọ̀, ti òsì yadi.
Wáyà kan sì wà tí eku ti jẹ dé ìdajì.

"Ẹ di púlọ́ọ̀gì mú, ẹ fi kan ẹ́ńjìnnì."
"Ṣé kò ní í gbé mi?"
"Tó bá gbé yín, ẹ dúpẹ́."

Ó tẹ kíìkì.
Iná ta pàrà, ó dúdú bí aró tuntun;
mo pariwo orúkọ bàbá mi.

Nígbà tí ọ̀tún àti òsì jọ fọhùn,
mo gbọ́ sálúbàtà ìyá mi nínú ilé,
kíákíá, bíi tàtijọ́.
Ó ti ṣílẹ̀kùn kó tó rántí,
táwẹ́ẹ̀lì ìwẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó wò mí. Ó wo Mùdá.
"Gbà," ló wí, "fi nu gírísì ọwọ́ ẹ."